Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Sọ̀rọ̀ Sí Àwòrán Tí Ẹlòmíràn Yà?

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní, "Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu." Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Ẹni tí ó gbẹ́ ère ti fi àáké àti ọ̀bẹ rẹ̀ ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Nígbà tí ó bá gbé e síta, àwọn tí kò mọ bí a ti í di àáké mú yóò wá fi ẹnu gbẹ́ tiwọn. Ọ̀kan á ní imú rẹ̀ gùn jù, èkejì á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ní ayé àtijọ́, àwọn tí ń gbẹ́ ère kò pọ̀. Lóde òní, tọmọdé tàgbà ni ó ti di ayàwòrán. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé, ó wà lọ́wọ́ ìyá tí ń ta ata lọ́jà, ó wà lọ́wọ́ pásítọ̀ àti ìmáàmù. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ní òwúrọ̀ lè fi í ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Kútọnu àti ní Lọ́ńdọ̀nù kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí àwòrán ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni gbẹ́nugbẹ́nu ń pọ̀ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ni èyí: ìgbà wo ni ó yẹ kí ènìyàn la ẹnu sọ̀rọ̀ sí àwòrán tí ẹlòmíràn yà, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí ó pa ẹnu mọ́?

N kò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi pàápàá ti ṣì í sọ rí, ibi tí mo sì ti ṣì í sọ kì í ṣe ibi tí ó dára.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ilé ọ̀fọ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ kí ẹbí kan tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ papòdà. Alákàrà ni ìyá náà nígbà ayé rẹ̀, gbogbo àdúgbò ni ó sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo jókòó tán, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, sà, àwòrán Màámi tí a yà gbẹ̀yìn nìyí." Mo wò ó. Ìyá jókòó ti agbada epo. Àwòrán náà wọ́ sí apá kan, gèlè rẹ̀ ti gé kúrò lókè, èéfín sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Mo kọ́ iṣẹ́ fótò díẹ̀ nígbà èwe mi, ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi títí pé a kì í gé orí ènìyàn nínú àwòrán. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ta ló ya èyí? Ó mà gé orí ìyá o! Kò tilẹ̀ di fóònù mú dáadáa."

Ilé pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 10 lọ, tí ó ń gbé omi fún àwọn àlejò, rọra gbé àwo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bọ́ síta. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Òun ló yà á, sà. Màámi ló ní kó ya òun."

Mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé fún bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà kò fi ya àwòrán kankan mọ́. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Àwòrán náà wọ́, gèlè sì gé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a sọ fún ẹni tí kò bèèrè, ní ojú àwùjọ, ní àkókò tí kò sí àtúnṣe mọ́, èrè wo ni ó wà nínú rẹ̀?

Ohun tí a ń wò kí a lè rántí

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, kọ̀wé ní ọdún 2001 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, àwòrán. Ó tú u palẹ̀ pé à-wò-rántí ni: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, a ó rí i pé ìbéèrè tí ó ṣáájú lójú ẹni tí ó ń wo àwòrán kì í ṣe "Ǹjẹ́ ó gún?" tàbí "Ǹjẹ́ ó mọ́lẹ̀?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Kí ni ẹni tí ó yà á fẹ́ fi rántí?"

Ẹ jẹ́ kí a mú àwòrán ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, wá sí ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970 láti wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá ní ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán yóò ya èyí tí ó kù láyé, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, èyí tí ó kù yóò wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, yóò sì wọ aṣọ obìnrin lẹ́ẹ̀kejì. Ní ilé mìíràn, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ó gba ipò ère ìbejì.

Ẹ wá fojú inú wo àlejò tí ó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó gbójú sókè sí ara ògiri, tí ó sì ní, "Ayàwòrán yìí kò mọ iṣẹ́! Ṣebí ọmọ kan náà ni ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yìí." Ohun tí ó rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà àárín ni òun ń wò. Ìyá ń wo ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

Bákan náà ni ti àwọn àwòrán àgbà tí ó wà ní ògiri pálọ̀ àwọn baba wa. Bàbá jókòó gbọnyin, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, agbádá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ sí ọ̀tún àti òsì, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ òde òní lè ní ó le bí igi. Kò mọ̀ pé bí wọ́n ti fẹ́ ẹ nìyẹn: wọ́n fẹ́ kí ọmọ-ọmọ tí kò bá Bàbá láyé mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni ó jókòó síbẹ̀.

Ẹ tún wo iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí a bí ní ọdún 1930 ní ilẹ̀ tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Èkó, tí ó sì papòdà ní ọdún 2014. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, títí àwòrán irun nìkan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí wa; a kò rí ojú rẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá bèèrè yóò ní, "Èwo ni ti ẹ̀yìn orí?" Ẹni tí ó bá bèèrè yóò gbọ́ pé ọwọ́ onídìrí ni ayàwòrán ń bu ọlá fún, àti pé irun tí a dì lónìí, a ó tú u ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ṣé kí a kàn máa yin gbogbo rẹ̀ ni?

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, "Ǹjẹ́ o fẹ́ kí a máa wí pé ó dára, ó dára, nígbà tí kò dára?" Rárá o. Àwọn àgbà tí ó kọ́ wa ní sùúrù náà ni ó wí pé, "Ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun bá wọ́." Ojú ẹlòmíràn ni oníṣẹ́ fi ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Yorùbá kì í sì í ṣe aláìmọ ẹwà. Robert Farris Thompson, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Yale kí ó tó papòdà ní ọdún 2021, rìn ká ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1960, ó ń gbé ère síwájú àwọn ènìyàn, ó sì ń bi wọ́n léèrè èyí tí ó dára jù àti ìdí rẹ̀. Kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ni ó dá a lóhùn. Ìjòyè àti àgbẹ̀ wà láàárín wọn. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1973, ó kọ àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń díwọ̀n sílẹ̀: ìfarahàn, kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn ketekete, jíjọra, kí ó jọ ènìyàn láìjọ ẹnìkan pàtó jù, gígún, kí ó dúró ṣánṣán, àti ọ̀dọ́, kí a fi ènìyàn hàn ní ìgbà tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ó bi wọ́n léèrè ni. Ìmọ̀ wà nínú wọn, wọ́n sì dúró de ìbéèrè kí wọ́n tó tú u síta.

Ìyìn tí kò ní òtítọ́ nínú pẹ̀lú ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo mọ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Gbogbo ohun tí ó bá yà, ọ̀rẹ́ àti ẹbí á ní, "Ó mà dára o!" Ó ní àṣìṣe kan tí ó ń ṣe lemọ́lemọ́: ó máa ń mú ènìyàn dúró síwájú fèrèsé tí oòrùn ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀yìn wá máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Yóò rò pé ibi gbogbo ni ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà kù, ojú ènìyàn yóò sì ṣú bí ìdí ìkòkò. Ó ju ẹnìkan lọ tí ó rí i nínú ẹbí rẹ̀, wọn kò sì sọ ọ́, nítorí wọn kò fẹ́ bà á nínú jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà á sí ìgbéyàwó fún ìgbà àkọ́kọ́, ó to ìyàwó, ọkọ àti àwọn òbí wọn síwájú fèrèsé ńlá. Aṣọ òkè hàn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ojú ìyá ìyàwó yàtọ̀ sí ti ìyá ọkọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó kì í sì í padà wá. Ọmọbìnrin náà sunkún fún mi pé, "Wọ́n rí i, wọn kò sọ fún mi." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Jẹ́ kí wọ́n kọjú sí fèrèsé," ì bá ti gbà á lọ́wọ́ ìtìjú náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ láìyẹ lè ṣe ibi, ẹni tí ó dákẹ́ láìyẹ náà lè ṣe é. Ọmọkùnrin ilé ọ̀fọ̀ àti ọ̀dọ́mọbìnrin yìí, ọ̀rọ̀ pa ọ̀kan lára, ìdákẹ́ sì pa èkejì lára.

Ìbéèrè mẹ́rin kí a tó la ẹnu

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ìbéèrè mẹ́rin ṣe òdiwọ̀n fún ara mi.

Èkíní: kí ni àwòrán yìí wà fún? Bí ó bá jẹ́ ti ìrántí òkú, ti ìkómọjáde, tàbí ti ọ̀rẹ́ tí ó kàn fẹ́ kí n bá òun yọ̀, iṣẹ́ mi ni láti yọ̀ tàbí láti káàánú. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ fi jẹun, tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ gbé síwájú olùkọ́, ọ̀rọ̀ mi lè wúlò níbẹ̀.

Èkejì: ǹjẹ́ ó bi mí? "Ẹ wo àwòrán mi" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "Ẹ bá mi wo ibi tí ó kù sí." Bí kò bá bi mí tí mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mi lè ràn án lọ́wọ́, mo lè bi òun: "Ṣé kí n sọ ohun kan tí mo rí?" Bí ó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ó ṣì ṣeé tún ṣe? Bí wọ́n bá fi àwòrán Bàbá tí ẹ fẹ́ lò nínú ìwé ètò ìsìnkú hàn yín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, tí ẹ sì rí i pé ó ṣókùnkùn, ẹ tètè sọ ọ́. Bí ìwé bá ti jáde, tí a sì ti pín in fún èrò, ẹ bá wọn wí pé kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ẹ̀kẹrin: ta ni ó ń gbọ́? Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í bá ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ wí lójú oníbàárà. Ó ń dúró kí oníbàárà lọ tán. Lónìí, ẹni tí ó fi àwòrán sí ojúde íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, dà bí ẹni tí ó dúró ní gbàgede. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀, àna rẹ̀ gbọ́, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ọ̀tá rẹ̀ náà sì gbọ́. Ẹ yin ẹni ní gbangba bí ẹ bá fẹ́. Àmọ́ ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà.

Ibi tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́

Síbẹ̀, àwòrán kan wà tí a kò ní dúró de ìbéèrè kí a tó sọ̀rọ̀ sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹnìkan bá ya ẹni tí mọ́tò gbá, tí ó sì ń fi òkú rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri kí ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ya ọmọdé ní ìhòòhò, tàbí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láìgba àṣẹ, ẹ sọ̀rọ̀. Bí òbí bá fi àwòrán ọmọ rẹ̀ síta, tí orúkọ ilé-ìwé hàn lára aṣọ rẹ̀, tí ó sì tún kọ àkókò tí ọmọ ń darí sílé sí i, ẹ pè é kíákíá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ pé kí a má tú àṣírí rẹ̀. Níhìn-ín, kì í ṣe ẹwà àwòrán ni a ń wò mọ́. Ẹni tí ó wà nínú àwòrán ni a ń dáàbò bò, òun kò sì sí níbẹ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí pàápàá, ẹ pe ẹni náà sí kọ̀rọ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn yóò yọ ọ́ kúrò.

Bí a ti í sọ ọ́

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí àkókò ọ̀rọ̀ bá tó, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára nínú àwòrán náà, kí ó sì jẹ́ òtítọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àléébù kan ṣoṣo, èyí tí ó ṣeé tún ṣe. Ẹni tí a ka àléébù méje fún kò ní rántí ọ̀kan. Ẹ̀dùn ọkàn nìkan ni yóò gbé lọ sílé. Ẹ má ṣe sọ pé, "O kò mọ àwòrán yà." Ẹ sọ pé, "Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ó bá yí sí ìmọ́lẹ̀, yóò hàn." Èkíní ń bá ènìyàn jà, èkejì ń bá iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni mo dìídì bá wí, nítorí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sọ kì í tètè kúrò lọ́kàn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà tọ́ yín sọ́nà, ẹ bèèrè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbà máa méfò.

Kí n tó dánu dúró, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọmọkùnrin náà. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ pé kò ya àwòrán mọ́, mo padà lọ sí ilé wọn. Mo ní kí ìyá rẹ̀ tún fi àwòrán náà hàn mí, mo sì pe ọmọ náà jókòó tì mí. N kò sọ̀rọ̀ gèlè, n kò sọ̀rọ̀ wíwọ́. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni Màmá ń sọ nígbà tí o yà á?" Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn, kí epo má baà ta sí mi lójú. Wọ́n wá ń fi mí rẹ́rìn-ín." Mo tún àwòrán náà wò. Lóòótọ́, nínú èéfín yẹn, ìyá ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn, ojú rẹ̀ sì wà lára ọmọ tí ó di fóònù mú. Ojú mi kò rí i ní ìjọ́sí, nítorí orí tí ó gé ni mo ń wò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tọ́jú ẹ̀rín náà fún gbogbo wa. A jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó di agbádá mi mú, ó ní, "Bàbá, báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣe é tí orí kì í fi í gé?"

Ó ti bèèrè. Mo tún jókòó, mo sì fi hàn án.